Ìmọ̀ àti Ìgbàgbọ́ Nínú Wọ́díróòbù Ilé Festac

Wọ́díróòbù tí wọ́n kàn mọ́ ògiri wọ́pọ̀ nínú yàrá ìsùn àwọn ilé Festac Town àti àdúgbò Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin tó yí i ká. Ó yàtọ̀ sí àpótí aṣọ àti pọtimáńtò ayé àtijọ́, èyí tí ènìyàn lè gbé láti yàrá dé yàrá, kó sì yí ìdí rẹ̀ wò. Ògiri ló di wọ́díróòbù yìí mú lọ́tùn-ún àti lósì, ilẹ̀kùn bò ó níwájú, pákó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi ìṣó kàn pa sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń ṣí i láràárọ̀ lè lò ó fún ogún ọdún kó má rí ẹ̀yìn pákó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá pinnu láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe, láìpe káfíńtà, iṣẹ́ igi nìkan kọ́ ló dáwọ́ lé. Ó ti kan ìbéèrè kan tí àwọn Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì fún láti ìgbà pípẹ́: kí ni ènìyàn mọ̀, kí sì ni ó kàn gbà gbọ́?

Ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ Festac lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Àgbádárìgì, kí àwọn tó ń bọ̀ wá sí FESTAC ’77 lè rí ibi wọ̀ sí. Àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé ni FESTAC. Ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977 ni wọ́n fi ṣe é ní Èkó. Àwọn tó kópa níbẹ̀ tó nǹkan bí 17,000, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti wá sì lé ní 50. Federal Housing Authority, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1973, ni ilé náà wà lábẹ́ àkóso rẹ̀. Nígbà tí àwọn oníjó àti olórin ti padà sílé wọn, wọ́n pín àwọn ilé náà, tí iye wọn lé ní 5,000, fún àwọn ọmọ Nàìjíríà nípa ṣíṣẹ́ gègé, èyí tí àwọn àgbà àdúgbò mọ̀ sí bálọ́ọ̀tì. Orúkọ ẹnì kan jáde, wọ́n ka nọ́ńbà ilé sí i létí, ó gba kọ́kọ́rọ́. Irà ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ ibẹ̀ kí wọ́n tó kún un. Ìyẹn kò sí lára ohun tí wọ́n kà jáde lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ògiri kò gbàgbé rẹ̀.

Lédè Yorùbá, “mo mọ̀” àti “mo gbà gbọ́” kò dọ́gba. Ọ̀rọ̀ kejì tú ara rẹ̀ fúnra rẹ̀: kí ènìyàn gbọ́, kó sì gbà. Etí ni ọ̀nà tó ń gbà wọlé. Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, tí àwọn méjèèjì jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí ní Yunifásítì Ifẹ̀, jókòó ti àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Èkìtì láti wádìí bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀rọ̀ méjèèjì, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1986 nínú ìwé Knowledge, Belief and Witchcraft. Ohun tí àwọn oníṣègùn náà fi yé wọn ni pé ìmọ̀ ni ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ sì gbè é lẹ́sẹ̀. Ohun tí olùkọ́ sọ, tí ìwé wí, tí bàbá rò fún ọmọ, ìgbàgbọ́ ni, bó ti wù kí ẹni tó sọ ọ́ jẹ́ olóòótọ́ tó. Bí wọ́n bá dán an wò tí ojú sì rí i, ìgbàgbọ́ lè di ìmọ̀. Òṣùwọ̀n yìí le ju ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọmọ ilé-ìwé lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun “mọ̀” pé ayé ń yí oòrùn po, nígbà tó jẹ́ pé ẹnu tíṣà ló ti gbọ́ ọ.

Bí a bá gbé òṣùwọ̀n àwọn oníṣègùn náà lé iṣẹ́ ilé, onílé tó pe káfíńtà kò mọ wọ́díróòbù ara rẹ̀. Káfíńtà ní igi ọ̀gànwó ni òun lò. Ó ní òun fi oògùn ikán kun ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun ti wo ògiri, kò sí omi níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́ pọ́nńbélé, síbẹ̀ etí onílé nìkan ló débẹ̀. Èyí kì í ṣe ẹ̀gàn fún káfíńtà. Èkó kì bá ti lè jí láàárọ̀ bí kì í bá ṣe ìgbàgbọ́: ẹni tó wọ dáńfó ní Mile 2 kò yẹ bíréèkì rẹ̀ wò kó tó jókòó. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ tún wọ́díróòbù ṣe ti yan ibì kan nínú ayé rẹ̀, ibi tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ ní fífẹ̀, tó fẹ́ mọ̀ dípò kó gbà gbọ́.

Kíkó aṣọ jáde ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, òun náà sì jẹ́ ìwádìí. Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó tí tọkọtaya rẹ̀ ti bí ọmọ mẹ́ta á jáde, yunifọ́ọ̀mù ọmọ tó ti gboyè á jáde, gèlè tí kò tíì kúrò nínú ọ̀rá á jáde. Ìsàlẹ̀ ló yẹ kí a fara balẹ̀ wò. Aṣọ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó kan pákó ẹ̀yìn, ló máa ń kọ́kọ́ bu, tí àmì dúdú kéékèèké á yọ sí ojú ìṣẹ́po rẹ̀. Káńfọ̀ kò ní jẹ́ kí imú tètè gbọ́ èyí. Káńfọ̀ dára fún lílé kòkòrò, ṣùgbọ́n ó tún máa ń bo òórùn ọ̀rinrin mọ́lẹ̀, débi pé ilé tó ti ń rin láti ọdún márùn-ún lè máa ta sánsán bí aṣọ tuntun. Nítorí náà, kí a kó káńfọ̀ jáde pẹ̀lú aṣọ, kí a ṣí ilẹ̀kùn wọ́díróòbù sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí imú tó wá jẹ́rìí.

Lẹ́yìn èyí ni yíyọ pákó ẹ̀yìn. Orí sukurudíráfà pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń wọ abẹ́ ìṣó, díẹ̀díẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ohun mẹ́rin ló wọ́pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní àdúgbò yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Ọ̀nà amọ̀ tóóró tó gun ògiri bí okùn ni ti ikán. Bí a bá fọ́ ibì kan lára rẹ̀ tí wọ́n sì tún un mọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ṣì wà nílé. Ìyẹ̀fun igi tó kóra jọ lábẹ́ ihò bí ojú abẹ́rẹ́ ni ti kòkòrò tó ń jẹ igi gbígbẹ. Plywood tí ẹ̀pá rẹ̀ ń ṣí bí ojú ewé ìwé, omi ló jẹ gọ́ọ̀mù rẹ̀. MDF tó wú ní ìsàlẹ̀ bí búrẹ́dì tó mu tíì ti kọjá àtúnṣe, nítorí tí MDF bá ti wú, kì í fọn mọ́. Igi tó dà bí ẹni pé ó yè, kí a fi ṣóńṣó sukurudíráfà gún un. Èyí tó le á ta á padà, èyí tó ti kú nínú á gbà á wọlé bí iṣu jíjinná. Olú tó ń jẹ igi kì í sábà ráyè bí omi inú igi náà kò bá kọjá nǹkan bí 20 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀, nítorí náà ibi tí sukurudíráfà bá ti wọlé, bí kì í bá ṣe iṣẹ́ kòkòrò, omi ti ń wá síbẹ̀ láti ibì kan.

Ibo ni omi náà ti ń wá? Ibí ni ọ̀pọ̀ onílé ti máa ń fi ìgbàgbọ́ ṣe ìmọ̀. Aládùúgbò kan á ní páìpù ilé ìwẹ̀ ni, òmíràn á ní ilẹ̀ Festac ni, ẹlẹ́kẹta á ní òjò ọdún yẹn ló pọ̀. Ọ̀nà kan wà tí kò náni ju ọ̀rá àti sẹ́lótéèpù lọ. Kí wọ́n gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú àti lóròó, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí afẹ́fẹ́ má rí ibi wọlé, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá sẹ̀ sí inú ọ̀rá, níhà ògiri, inú ògiri ló ti ń jáde. Bí ó bá jẹ́ ojú ọ̀rá níhà yàrá ló tutù, inú afẹ́fẹ́ ló ti wá, ìyẹn kò sì ṣàjèjì ní Èkó tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sábà máa ń kọjá 80 nínú 100. Ti ògiri ń fẹ́ kí a wá orísun omi náà kí a sì dí i. Ti afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ojú ihò tí atẹ́gùn á máa gbà kọjá. Ẹni tó fi ọ̀dà dídán bo ògiri tó ń rin kò dí nǹkan kan. Kó tó pẹ́, ọ̀dà náà á lé ròrò, á sì bó.

Ọ̀rá yìí ṣe ohun tí ojú nìkan kò lè ṣe, ó sì gbé ìṣòro kan dìde fún ẹni tó bá gbà pé rírí ni ìmọ̀. Ojú onílé ti wà lára wọ́díróòbù yẹn láràárọ̀. Ó rí i, kò mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ Ifá kan nínú Ògúndá Méjì, tí Wándé Abímbọ́lá wà lára àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀, ti dé orí ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń ti ìsálọ́run bọ̀ wá sílé ayé: Oríseékú ọmọ Ògún, Orílééméré ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ní láti yan orí ní ilé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí, ẹni tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kò jiná. Àwọn méjì àkọ́kọ́ yára débẹ̀, wọn kò bá Àjàlá nílé, wọ́n fi ojú yan èyí tó wù wọ́n, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Òjò pa wọ́n lójú ọ̀nà. Orí náà ń bó, ó ń yòrò, títí tí èyí tó kù kò fi tó nǹkan. Afùwàpẹ́ ti yà lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ó rúbọ, ó sì mú iyọ̀ àti owó lọ́wọ́. Nígbà tó dé ilé Àjàlá, amọ̀kòkò náà ti sá gun àjà nítorí gbèsè. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà, Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó mú un wọ inú ilé, ó sì mú ọ̀pá irin lọ́wọ́. Wọ́n ń fi irin náà dán àwọn orí wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò jiná ń fọ́, wọ́n sì ń fi í sílẹ̀, títí wọ́n fi kan èyí tí irin kò ràn.

Ohun tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń bá ìtàn yìí wá ni ọ̀rọ̀ àyànmọ́: ṣé orí tí ènìyàn yàn ṣeé tún ṣe tàbí kò ṣeé tún ṣe? Ìbéèrè yẹn tóbi, ó sì tọ́ sí ìwé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn náà tún jẹ́ ìtàn nípa ìmọ̀, apá yìí ni wọn kì í sábà dúró lé. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn méjì àkọ́kọ́ tó gbára lé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn nígbà tó ń yan orí. Oríseékú àti Orílééméré fi ojú ara wọn rí ohun tí wọ́n gbé. Bí rírí bá tó, wọ́n mọ̀. Òjò ló fi hàn pé wọn kò mọ̀. Ẹni tó gba ilé nípa bálọ́ọ̀tì sì wà nísàlẹ̀ sí àwọn méjèèjì, nítorí òun kò tilẹ̀ rí ilé kí nọ́ńbà tó jáde. Òjò ọdún àkọ́kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí fi ohun tó gbà hàn án. Nínú ìtàn àti nínú ilé, omi kan náà ni olùdánwò: ohun tí kò jiná nínú iná, tàbí tí kò gbẹ nínú ooru, omi ló ń tú àṣírí rẹ̀. Àwọn káfíńtà ń ṣe bí Àjàlá láìronú sí i. Kí wọ́n tó ra pákó, wọ́n á fi ìka kàn án ní kókó-kókó, wọ́n á sì dẹtí sí i.

Ó yẹ kí a wá béèrè ẹni tí ìmọ̀ ohun èlò jẹ́ tirẹ̀ gan-an: ẹni tó ṣe é ni, tàbí ẹni tó ń lò ó? Plato, ọlọ́gbọ́n Gíríìsì, dáhùn èyí nínú ìwé kẹwàá Republic, ní bíi 2,400 ọdún sẹ́yìn. Ó ní afọnfèrè ló mọ fèrè tó dára, nítorí òun ló ń lò ó. Ẹni tó gbẹ́ fèrè kò ní ju ìgbàgbọ́ tó tọ́, èyí tó rí gbà nítorí pé ó di dandan fún un láti máa gbọ́ ohun tí afọnfèrè ń sọ. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á kíyè sí i pé Plato fi etí sídìí ìgbàgbọ́ bí àwọn oníṣègùn Èkìtì ṣe fi í síbẹ̀, láìjẹ́ pé ọ̀kan gbúròó èkejì. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ fèrè ràn án lọ́wọ́ jù. Kò sí ẹ̀yìn fèrè tí olùfọn rẹ̀ kì í rí, àbùkù rẹ̀ á sì jáde lójú ẹsẹ̀ nínú ohùn. Àbùkù wọ́díróòbù lè sùn lẹ́yìn pákó fún ọdún mẹ́wàá. Níbẹ̀ ẹni tó ń lò ó mọ ìdajì, ẹni tó kàn án mọ ìdajì, wọn kì í sì í sábà jókòó sọ̀rọ̀.

Ìdajì ti ẹni tó ń lò ó kì í ṣe kékeré. Ìwé ìṣirò òkèèrè á ní kí inú wọ́díróòbù jìn tó íńṣì 22 sí 24, nítorí háńgà fẹ̀ tó íńṣì 17 tàbí 18, kí irin ìfaṣọkọ́ sì gba ibi tó pọ̀ jù. Kóòtù àti ṣẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ṣe ìṣirò yẹn. Agbádá kì í gbé orí háńgà dáadáa. Apá rẹ̀ wúwo, á máa fà wálẹ̀, ọrùn rẹ̀ á sì yẹ̀. Kíká ni wọ́n ń ká a. Kíká náà ni ti ìró àti bùbá, àti ti aṣọ òkè. Sányán tàbí àlàárì tó ṣẹ́po síbì kan náà láti ọdún dé ọdún á gé lójú ìṣẹ́po. Obìnrin tó ni í mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ máa yí ìṣẹ́po rẹ̀ padà, ó sì mọ̀ pé pẹpẹ tó ga jù á mú kí aṣọ mẹ́wàá gun ara wọn, tí ti ìsàlẹ̀ kò ní ṣeé fà yọ. Pẹpẹ púpọ̀ tí àárín wọn kò ju íńṣì 12 lọ, àti irin kúkúrú kan fún aṣọ ọ́fíìsì, ni ilé Yorùbá nílò. Káfíńtà tí kò béèrè á kan irin láti ògiri dé ògiri. Nígbà tí olùlò àti akànpákó bá jẹ́ ẹnì kan náà, ìdajì méjèèjì pàdé lábẹ́ fìlà kan. Èyí ni àǹfààní iṣẹ́ àfọwọ́ṣe tó dájú jù, ó ju owó tó dín kù lọ.

Síbẹ̀, kò sí ẹni tó ń mọ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó lọ ra plywood ní ọjà Odunade ní Orílé bá ẹ̀pá igi tí wọ́n ti lẹ̀ pọ̀, tí èdìdì ilé iṣẹ́ sì wà lára rẹ̀. Wọ́n ní ti inú omi ni, pé òjò kò lè mú un. Ìgbàgbọ́ tún dé. Wọ́n lè gé igun kékeré kan, kí wọ́n sè é nínú omi híhó fún wákàtí mélòó kan, kí wọ́n sá a, kí wọ́n wò ó bóyá ẹ̀pá rẹ̀ ṣí. Bí kò bá ṣí, igun yẹn ti di ìmọ̀. Odidi pákó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́rin tí wọ́n ti gé e kò tíì di ìmọ̀, nítorí kò sí ẹni tó lè se odidi pákó kó tún kàn án mọ́ ilé. Oògùn igi tó wà nínú gálọ́ọ̀nù náà ń bẹ: orúkọ ara gálọ́ọ̀nù ni ènìyàn kà. Igi náà ní ìtàn tí a kò rí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orí omi ọ̀sà ni gedú ti ń dé ilé ìlagi Oko Bàbá ní Ẹ̀bútè-Mẹ́ta, ẹni tó ra pákó kò sì bá a wá. Níbi tí ìdánwò bá ti fẹ́ pa ohun tí wọ́n ń dán wò, ìgbàgbọ́ ni ó kù, ọgbọ́n ibẹ̀ sì ni kí ènìyàn mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyàtọ̀ mìíràn tún wà tí ọ̀rọ̀ Yorùbá kò fi pamọ́: mímọ nǹkan yàtọ̀ sí mímọ̀ ọ́n ṣe. Gilbert Ryle, amòye ará Ìlú Ọba, sọ èyí di àríyànjiyàn ńlá ní Yúróòpù nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1949, ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tó ń gbálẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá káfíńtà ti ń fojú rí i. Onílé lè ti gún igi, kó ti lẹ ọ̀rá, kó mọ gbogbo àrùn tó ń ṣe wọ́díróòbù rẹ̀, kí ilẹ̀kùn tó kàn má sì pa dé. Híńjì tó fi ìlàjì íńṣì yẹ̀ á mú kí ilẹ̀kùn máa ṣí fúnra rẹ̀ lóru. Ọwọ́ ọ̀gá mọ ohun tí ẹnu ọ̀gá kò lè ṣàlàyé, ìdí nìyẹn tí ọmọ iṣẹ́ fi ń lo ọdún púpọ̀ kó tó gba fíríídọ̀mù. Ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn náà kò fi bẹ́ẹ̀ kan irú ìmọ̀ yìí, àlàfo ibẹ̀ sì hàn.

Lọ́dọ̀ àwọn Kristẹni, ìgbàgbọ́ gba àyè mìíràn. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀rọ̀ etí yìí ni wọ́n fi pe ohun tó ń so ènìyàn mọ́ Ọlọ́run, ó sì di orúkọ àwọn tó gbà á: Onígbàgbọ́. Ohun tó wà nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn di ohun tó ga jù ní ilé ìjọsìn. Ìtàn Tọ́másì, tó ní àfi kí òun fi ìka kan ojú ọgbẹ́, ń bá Tọ́másì wí nígbà tó ń bù kún àwọn tí kò rí tí wọ́n sì gbà. Kò sí ìjà dandan níbẹ̀. Òǹkàwé Ìhìnrere mọ̀ pé àwọn ará Násárẹ́tì pe Jésù ní káfíńtà, ó sì ṣòro láti rò pé káfíńtà á ní kí ènìyàn fi ìgbàgbọ́ ra pákó.

Àwọn Mùsùlùmí ní ètò tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu jù. Súrà kejìlélọ́gọ́rùn-ún nínú Kùránì, At-Takāthur, bá àwọn tí ìdíje nípa kíkó ọrọ̀ jọ gbà lọ́kàn títí wọ́n fi dé itẹ́ wí, inú súrà kúkúrú yìí kan náà ló sì ti mẹ́nu ba ìdánilójú ti ìmọ̀ àti ìdánilójú ti ojú. Ẹ̀kẹta, òtítọ́ ìdánilójú, wà nínú súrà mìíràn. Iná ni àwọn onímọ̀ máa ń fi ṣàpèjúwe wọn: ẹni tó gbọ́ pé iná ń jó, ẹni tó rí iná, ẹni tí iná jó. Ẹ̀kẹta yìí ni ti ọwọ́, òun ló sì wà lọ́wọ́ ẹni tó fi sukurudíráfà gún igi tó jẹrà. Bí súrà náà ṣe so ìkójọ àti ìdánilójú pọ̀ kò ṣàjèjì fún ẹni tó ti kó wọ́díróòbù jáde rí. Ohun tó dá ìwádìí dúró láti ọjọ́ yìí wá ni aṣọ fúnra rẹ̀. Bó ṣe ń pọ̀ sí i ni ògiri ń jìnnà sí ojú.

Ìwádìí náà ní ààlà. Ilé orí, àpótí awọ tí wọ́n to owó ẹyọ bò lára, ni ibùgbé ìborí, àmì orí inú ènìyàn. Kò sí olùfọkànsìn tó ń tú u láti wò bóyá orí wà nínú rẹ̀. Ohun tí ilé orí ń sọ kì í ṣe irú ọ̀rọ̀ tí irin tàbí ọ̀rá lè dán wò. Wọ́díróòbù òbí tó ti kú ní nǹkan méjèèjì nínú. Pákó rẹ̀ wà fún gígún. Aṣọ rẹ̀ wà fún ẹbí láti pín. Lẹ́tà tó dì sí ìdí dírọ́ọ̀ kò sí fún ẹni tó wá wá ikán, bí kọ́kọ́rọ́ ilé bá tilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń ṣi èyí ṣe, nítorí ọwọ́ tó ti ń ṣí nǹkan láti àárọ̀ kì í fẹ́ dúró.

Nígbà tí ògiri bá ti gbẹ, tí wọ́n ti kun igi lóògùn tí òórùn rẹ̀ sì ti lọ pẹ̀lú fèrèsé ṣíṣí, ó ku dídá pákó ẹ̀yìn padà. Kí ó má kan ògiri. Kí wọ́n fi igi pẹlẹbẹ sáàárín kí íńṣì kan ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn, kí wọ́n sì lu ihò sí òkè àti ìsàlẹ̀. Láti ìṣẹ́jú tí pákó náà bá ti bo ògiri, ìmọ̀ onílé bẹ̀rẹ̀ sí gbó. Ohun tó rí lóṣù kẹta kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóṣù keje, nígbà tí òjò Èkó bá ti rọ̀ tẹ́rùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò sí nílé lọ́jọ́ náà á sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ lásán. Nítorí èyí, sukúrù ló yẹ kó di pákó ẹ̀yìn mú, mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, kí ìṣó má sí níbẹ̀. Sukúrù ṣeé tú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìba igi jẹ́, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ àti lẹ́yìn àrọ̀kúrò, lọ́dọọdún.